Wàláà Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Fọ̀

Fárídà, kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, má tún un ṣe. Bí mo bá bínú, kọ ọ́ pé mo bínú. Mo mọ ẹ̀yin tí ẹ lọ sílé-ìwé: ẹ máa ń fi ọ̀rọ̀ dídùn wé ìbínú àgbà bí ẹni fi ewé wé ẹ̀kọ, títí ẹnikẹ́ni ò fi ní mọ ohun tó wà nínú. Ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ni agboolé ọkọ mi ní Ìlọrin níbí, níbi tí Ràmátù ìyá rẹ gbé ṣe kékeré. Agboolé amọ̀kòkò ni. Kí ládàánì tó pe ìrun àsùbáà tán, wàá ti máa gbọ́ ìró amọ̀ tí àwọn obìnrin ń lù, pọ́, pọ́, pọ́, láti ẹnu ọ̀nà kan dé èkejì, bí òjò tí kò tíì mọ ibi tó fẹ́ rọ̀ sí. Ìkòkò àtijọ́ la máa ń dojú rẹ̀ délẹ̀, a ó tẹ́ amọ̀ tútù lé e nídìí, a ó sì máa lù ú jẹ́jẹ́ títí yóò fi tẹ́ yíká. Bí ó bá gba ọwọ́ méjì, kò ní dọ́gba. Ọwọ́ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ parí rẹ̀. Ràmátù ló ń gún amọ̀ gbígbẹ fún mi, òun ló ń kù ú, òun ló ń pọn omi kún àmù, kí ó tó jókòó mu kókó gbígbóná pẹ̀lú mọ́sà mẹ́ta, kí ó tó nu ẹnu, kí ó tó sáré lọ sílé-ìwé. Bí ó bá dé lọ́sàn-án, ilé kéú ló kù. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ju ara rẹ̀ lọ.

Èmi ò lọ sílé-ìwé. Kì í ṣe pé mo sá, kì í sì í ṣe pé orí mi kú. Ọmọ márùn-ún ni bàbá mi bí, ó mú àwọn ọkùnrin mẹ́ta lọ, ó gbé amọ̀ lé èmi àti àbúrò mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo bi í léèrè, ó ní, "Ìkòkò kì í bèèrè bóyá ẹni tó mọ òun mọ̀wé." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dé ẹnu ọmọdé bí ẹni dé ìkòkò ọbẹ̀. Èmi náà ti dàgbà báyìí, mo sì ti rí èsì tó yẹ kí n fún un lọ́jọ́ náà: ìkòkò ò bèèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ayé yòókù ń bèèrè. Ní ọsibítù wọ́n ń bèèrè. Ní ilé ìjọba wọ́n ń bèèrè, bí wọ́n bá sì ti gbọ́ pé n kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á ti páànù kékeré aláró yẹn sí mi pé kí n ti àtàǹpàkò bọ̀ ọ́. Àtàǹpàkò mi yìí ti mọ ìkòkò tí kò níye, àmọ́ bí mo bá fi tẹ ìwé wọn tán, mo máa ń lọ fi yẹ̀pẹ̀ fọ̀ ọ́ bí ẹni tó fọwọ́ kan ẹ̀gbin.

Ọdún tí mò ń wí, Ràmátù wà ní kíláàsì tó kẹ́yìn ní pírámárì, ìdánwò tí wọ́n fi ń wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti ń bọ̀. Tíṣà wọn jẹ́ obìnrin Ọ̀mù-Àrán kan, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń gbé ní Adéwọlé. Obìnrin náà le, ṣùgbọ́n kò mọ ọmọ olówó yàtọ̀ sí ọmọ amọ̀kòkò. Ewì kan ló fi ń kọ́ wọn ní gírámà Gẹ̀ẹ́sì, ewì àtijọ́ tí òyìnbó kan ti kọ kí ìyá ìyá mi tó dé ayé. Wọ́n kọ ọ́ nípa ẹyẹ kan ṣoṣo tí òtútù bá lórí ẹ̀ka, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fò lọ síbi tó móoru. Ìlà kan lójúmọ́ ni. Bí ìlà náà bá jẹ́ tòní, kí wọ́n sọ ọ́ di tàná. Bí ó bá jẹ́ tàná, kí wọ́n sọ ọ́ di tọ̀la. Bí ẹyẹ bá jẹ́ ọ̀kan, kí wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀. Ràmátù á máa gún amọ̀, á máa kígbe rẹ̀ bí ọmọ kéú, á máa mi síwá mi sẹ́yìn, odó á sì máa gbè é lẹ́sẹ̀. Mo bi í pé kí ni ìtumọ̀. Ó sọ ọ́ fún mi. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹyẹ náà ò bá wọn lọ?" Ó ní, "Màámi, a ò tíì débẹ̀. Gírámà là ń ṣe." Lọ́jọ́ mìíràn ó ní òun ti sọ ẹyẹ náà di púpọ̀, mo pàtẹ́wọ́. Mo ní, "Ó ṣeun. Ẹ ti bá a wá ẹgbẹ́." Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi da amọ̀ nù, mo sì gbá a létí díẹ̀, kì í ṣe gbígbá ti ìbínú.

Gbọ́ báyìí, torí ibí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà Sáápù ni, nígbà tí ìjọba sọ gbogbo nǹkan di ọ̀wọ́n, ìwé ìkọ̀wé di ohun tí wọ́n ń tọ́jú bí wúrà, ti Ràmátù sì ti kún dé ẹ̀yìn. Ọmọ náà bá dá ọgbọ́n kan fúnra rẹ̀. Ní ilé kéú, wàláà ni wọ́n fi ń kọ́ wọn, pátákó pẹlẹbẹ yẹn: wọn á fi tàdáwà dúdú kọ ọ̀rọ̀ tòní sí i, ọmọ á kà á títí á fi mọ́ ọn lórí, wọn á fi omi fọ̀ ọ́, wọn á kọ tọ̀la. Wàláà kan sì wà nílé wa tí bàbá rẹ̀ lò lọ́mọdé, ó ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èmi ni mo fi ń dé àmù. Ó mú un, ó ń kọ ìlà ewì sí i, ó ń kà á, ó ń yí i padà, bí ó bá ti mọ́ ọn lórí ó fọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ti Ọlọ́run ló ṣe kọ́ ti òyìnbó. Ta ló kọ́ ọ lọ́gbọ́n yẹn? Kò sẹ́ni kankan. Mo ń sọ ọ́ kí o lè mọ irú ọmọ tí wọ́n fẹ́ dá jókòó.

Bàbá Ńlá ni olórí agboolé, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkọ mi ni. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ènìyàn rere ni. Òun ló sọ Ràmátù lórúkọ, òun ló máa ń fi ẹran tó kù nínú àwo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn iyì ju oúnjẹ lọ. Lọ́dún yẹn orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ọ̀pá ló fi ń lọ sí mọ́sáláṣí, ó sì ń tì í lójú. Ààfáà tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú bá a kọ hàntú, ìyẹn ọ̀rọ̀ Kùránì tí wọ́n kọ sí wàláà kí a fi omi fọ̀ ọ́ kí aláìsàn mu ún. Ó ní kí Ràmátù gbé e wálé, òun fúnra rẹ̀ ń lọ kí àwọn èèyàn kan ní abúlé. Ràmátù gbé e dé, ó fi ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ké sí mi, "Màámi, hàntú Bàbá Ńlá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ o!" ó sì sáré lọ. Ọjọ́ tí à ń sun ìkòkò ni. Ẹni tó bá ti sun ìkòkò rí á mọ ohun tí mò ń wí: pòròpórò ń jó, èéfín ti kún ojú mi, mo ń fi omi èèpo igbá irú wọ́n àwọn tó ṣì gbóná kí wọ́n lè dúdú kí wọ́n lè dán. Bàbá Ńlá ń ké láti inú ilé: "Ìyàwó, ṣé omi náà ò tíì jẹ́ omi ni?" Mo sáré dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wàláà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kọjú sí mi, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo mú èyí tó kọjú sí mi, èéfín ojú mi ò jẹ́ kí n wá ibi tó là. Mo fọ̀ ọ́ sínú igbá mímọ́, mo dà á sínú ìgò, mo kúnlẹ̀ gbé e fún un. Ẹ̀yin á ní ṣé mi ò mọ ìwé kéú yàtọ̀ sí ìwé òyìnbó ni? Níbo ni ǹ bá ti mọ̀ ọ́n? Tàdáwà dúdú ni méjèèjì. Ojú mi ò fọ́. Wọn ò fi ìwé hàn án ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi mu ún, àárọ̀ àti àlàásárì. Lọ́jọ́ kẹta, Fárídà, ó gbé ọ̀pá sílẹ̀. Ó rìn lọ sí mọ́sáláṣí bí ọ̀dọ́mọkùnrin, gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń gbé ẹ̀wù sókè tó ń fi orúnkún hàn. "Ẹ wò ó, mo ń tẹ̀ ẹ́! Ẹ tún wò ó!" Ó wọlé wá, ó ní kí n bù ú fún òun sí i, ó súre fún mi pé ọwọ́ tó fọ̀ ọ́ kò ní rọ. Mo ṣe àmín.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àtàlátà tó tẹ̀lé e, ó jókòó níwájú ilé, èmi ń lu amọ̀, Sùlé àbúrò ọkọ mi ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ ránṣọ lábẹ́ ìbòji. Ràmátù gbé wàláà kan kọjá. Bàbá Ńlá ní, "Níbo lò ń gbé ìyẹn lọ?" Ó ní, "Ilé Ààfáà ni, Bàbá. Wọ́n ní bí ẹ bá ti mu ún tán kí n dá wàláà padà." "Gbé e wá kí n rí i." Òun mọ kéú kà. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà, ọ̀rọ̀ Ààfáà wà lára rẹ̀ ketekete, omi ò kan ẹyọ kan. "Ìyá Ràmátù! Èwo lo fọ̀ fún mi?" Mo ní, "Èyí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, Bàbá." N kò tíì pa ẹnu dé tí Ràmátù ti figbe ta: "Màámi, ẹ̀yin lẹ fọ wàláà mi? Mo ti rò pé Bọ̀ọ̀dá Sùlé ló fi mí ṣẹ̀fẹ̀! Ìlà kẹsàn-án ló wà níbẹ̀, mo ti sọ àwọn ẹyẹ di púpọ̀ tán!"

Gbogbo obìnrin dáwọ́ amọ̀ dúró. Kí Ọlọ́run forí ji Sùlé, òun ló ba nǹkan jẹ́. Ó dá ẹ̀rọ dúró, ó ní, "Háà! Bàbá ti mu Gẹ̀ẹ́sì! Abájọ tí wọ́n fi ń rìn bí òyìnbó láti ìjẹta! Bàbá, gúmọ́nì sà!" Ẹ̀rín bú. Láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, àwọn obìnrin fi ọwọ́ amọ̀ bo ẹnu. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mi ò ní purọ́. Bàbá Ńlá dìde. Ojú rẹ̀ ti yí padà. Kò wo Sùlé tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò wo èmi tí mo fọ̀ ọ́, ọmọ ọdún mọ́kànlá ló na ìka sí. "Ìwé ti òyìnbó lórí wàláà? Nínú ilé mi? Ó ti parí. Ọmọ yìí ò lọ sílé-ìwé yẹn mọ́. Amọ̀ ni kó jókòó tì." Ìdánwò ku ọjọ́ mẹ́rin. Sátidé ni.

Mo kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò pa ẹnu mọ́. Mo ní, "Bàbá, ẹ forí jì mí. Ta ló fọ̀ ọ́? Èmi ni. Ta ló gbé e fún yín? Èmi ni. Pákó tí mo fi ń dé àmù ni ọmọ kọ iṣẹ́ rẹ̀ sí, kò fọwọ́ kan ti Ààfáà. Kí lọmọ ṣe? Ajá ló jẹran, ẹ wá ń na ewúrẹ́." Ó ní, "Obìnrin, má bá mi ka ẹjọ́." Ó wọlé. Àwọn àgbà ọkùnrin mẹ́rin ló jókòó níbẹ̀, kò sẹ́ni tó yanu. Wọ́n máa ń sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Àgbà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà o. Wọ́n wà níbẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ń jẹ obì, orí ọmọ mi sì wọ́.

Ọkọ mi ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti gbọ́ kí ó tó bọ́ bàtà. Awakọ̀ ẹrù ni, tí kì í bẹ̀rù ọ̀nà kankan, ṣùgbọ́n ó wo ilẹ̀. "Ṣé o fẹ́ kí n bá Bàbá jà ni?" Mo ní, "Mi ò ní kí ẹ jà. Mo ní kí ẹ sọ̀rọ̀." Ó ní, "Fi í sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà á tutù." Mo ní, "Á tutù lóòótọ́. Nígbà tó bá fi máa tutù, Sátidé ti kọjá." Mo gbé tùwó rẹ̀ síwájú rẹ̀, mi ò bá a jẹ. Ràmátù ò sunkún. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Ó jókòó ti odó, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí èmi ṣe wo tèmi lọ́jọ́ tí bàbá mi sọ ọ̀rọ̀ ìkòkò. Mo rí ara mi lójú rẹ̀, mo sì bínú.

Bàbá Ńlá ní amọ̀ ni kó jókòó tì. Mo ní ó dáa. Ní Àlàrùbá, mo tẹ́ amọ̀ lé ìkòkò, mo já igi ìgbálẹ̀ kan fún un. Mo ní, "Kọ ìlà tòní sí i." Ó wò mí. Mo ní, "Amọ̀ tèmi ni. Kì í ṣe wàláà ẹnikẹ́ni." Ó kọ ọ́ yí ìkòkò ká, ó yí i sí tàná, ó yí i sí tọ̀la, ó kà á sókè sí mi létí. Bí ó bá ti mọ́ ọn lórí, èmi á gba ibẹ̀, pọ́, pọ́, pọ́, ẹyẹ òyìnbó á wọlé sínú amọ̀, á pa rẹ́. Ìkòkò mọ́kànlá la fi ka ewì náà tán láàárín Àlàrùbá àti Àlàmísì. Bàbá Ńlá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa lẹ́ẹ̀mejì, láìmú ọ̀pá, ó rí ọmọ nídìí amọ̀, ó ní, "Báyìí ló ṣe yẹ." Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Má rẹ́rìn-ín, Fárídà. Kọ ọ́.

Ààfáà dé láti abúlé ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Lẹ́yìn ìrun, ó wá kí Bàbá Ńlá, mo sì lọ kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè mí. Bàbá Ńlá ro ẹjọ́ tirẹ̀. Ààfáà pe Ràmátù, ó ní kí ó ka kéú rẹ̀ láti ibi tí ó bá a dé. Ó kà á láìdúró. Ó ní kí ó ka ti òyìnbó náà. Ó kà á dé òpin. Ààfáà mi orí. Ó ní, "Bàbá, ta ló fọ wàláà?" Wọ́n ní èmi ni. "Ṣé ti tèmi lọmọ kọ nǹkan sí?" Wọ́n ní rárá, pákó ìdérí àmù ni. Ó ní, "Kí wá lọmọ ṣe? Ẹrù méjì ni wọ́n dì lé e lórí, ọrùn rẹ̀ ò ráhùn. Ẹ jẹ́ kó lọ." Bàbá Ńlá ní, "Ààfáà ti sọ̀rọ̀. Ó tán."

Ó tán! Inú mi dùn, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ṣùgbọ́n gbọ́ mi dáadáa. Ohun tí Ààfáà sọ, kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ju ohun tí mo ti sọ ní Àtàlátà. Ta ló fọ̀ ọ́, kí lọmọ ṣe: ọ̀rọ̀ mi náà ni! Nígbà tó ti ẹnu mi jáde, ẹjọ́ ni mò ń kà. Nígbà tó ti abẹ́ láwàní jáde, ó di ọgbọ́n. Mo sì sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ohun tí mo sọ fún yín nìyẹn." Ó ní, "O sọ ọ́ lóòótọ́, Ààfáà ló wá ṣàlàyé rẹ̀." Mo ní, "Ó dáa. Orúnkún ńkọ́, Bàbá? Ṣé kí á gba ìyẹn náà padà?" Ààfáà fi apá rìgá rẹ̀ bo ẹ̀rín. Bàbá Ńlá ní, "Máa lọ sídìí amọ̀ rẹ." Kò gbé ọ̀pá yẹn mọ́ títí ó fi kú, kò sì bẹ ọmọ mi.

Sátidé, èmi fúnra mi ni mo mú un lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò, lọ́nà Challenge. Amọ̀ ṣì wà léèékánná mi. Ó wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sábẹ́ igi níta, tíṣà Ọ̀mù-Àrán náà jókòó tì mí. A jọ ń jẹ ẹ̀pà. Mo ní, "Tíṣà, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹyẹ inú ewì yẹn, kí ló dé tí kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ?" Ó ní, "Ìyá Ràmátù, láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó bi mí rí." Ó ju èèpo ẹ̀pà nù. Ó ní, "Ewì náà ò sọ."

Ṣé o gbọ́? Wọ́n sọ ẹyẹ di tàná, wọ́n sọ ọ́ di tọ̀la, wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀, wọn ò bi í léèrè. Ràmátù yege, ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó di nọ́ọ̀sì, ó bí ìwọ tí o mú gègé lọ́wọ́ yìí. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń jókòó nígbà mìíràn, mo ń ro ti ẹyẹ yẹn, inú a sì tún máa bí mi bíi ti àná. Ẹni tó kọ ewì ò mọ̀ ọ́n, tíṣà ò mọ̀ ọ́n. Èmi mọ̀ ọ́n. Ó mọ̀ ọ́n fò, ó sì fẹ́ fò. Ẹnì kan ló so ó lẹ́sẹ̀, tó wá ń sọ fún gbogbo ilé pé òtútù tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kọ ìyẹn sílẹ̀. Má jẹ́ kí omi kàn án.